Fèrèsé Tí Ó Kọjú sí Máàsìtì

Ọjọ́ Ajé, 13 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ yìí débi pé n kò rí ìparí ojú pópó wa. Màmá kò lè kọ orin àdúrà òwúrọ̀ parí. Ní ẹsẹ̀ kejì ni ikọ́ gba orin náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ń bá orin lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé mo gbọ́.

Gbémi pè láti Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi yìí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé máàsìtì ilé iṣẹ́ fóònù dúró sẹ́yìn ilé wa ni èémí Màmá ti ń kúrú, àti pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, òun yóò gbé ọkọ̀ wá, òun yóò sì mú un lọ sọ́dọ̀ òun. Mo ní kí a ṣì máa wò ó.

"Bọ̀dá Níyì, wíwò náà lẹ ti ń wò láti ọjọ́ yìí."

Màmá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn. Ó ní nígbà tí àjọ̀dún àṣà ńlá tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ìlú yìí parí, kèké ni ìjọba ṣẹ́ láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, kèké sì mú Bàbá. Ilé tí kèké fún òun, òun kò ní jẹ́ kí ikọ́ gbà á lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́rú, 15 Ṣẹ́rẹ́

Mo yá mítà tí a fi ń wọn ìtànṣán lọ́wọ́ ẹnìkan tí a jọ jáde ní póòlì, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Trade Fair. Mo wọn yàrá Màmá láti igun dé igun. Ohun tí mítà náà sọ kéré púpọ̀púpọ̀ sí ohun tí ìlànà fàyè gbà. Fóònù tí Màmá ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí tilẹ̀ mú kí mítà fò ju bí máàsìtì ti mú un fò lọ. Mo gbé fóònù náà lọ sí pálọ̀. Ó bínú, ó ní bí Gbémi bá wá pè ńkọ́.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ohun tí ó ga tó bẹ́ẹ̀, tí ó ń ṣẹ́ iná pupa síni lójú láti ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí, ó ṣòro kí ènìyàn gba mítà gbọ́ pé kékeré ni.

Ibi tí ó dúró sí gan-an ni igi fúrúùtù wà tẹ́lẹ̀, ní àgbàlá ẹ̀yìn ilé Tòkunbọ̀, aládùúgbò wa tí ó yá ilé iṣẹ́ fóònù ní ilẹ̀ náà. Nígbà náà kò sí fẹ́ǹsì, igi òdòdó ni wọ́n fi pààlà. Èmi, Gbémi àti Tòkunbọ̀ á gba àárín rẹ̀ kọjá bí a bá ti ilé ìwé dé, a ó jẹ fúrúùtù títí ẹnu wa yóò fi pọ́n, a ó sì fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀. Àwọn bàbá wa méjèèjì á gbé àga sábẹ́ igi náà ní ìrọ̀lẹ́, wọn á pín ìwé ìròyìn kan kà. Bí Bàbá bá ti ka ojú ìwé kan tán, á nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìwo ẹ̀gbẹ́.

Nítorí igi yẹn ni Màmá ṣe fẹ́ràn yàrá ẹ̀yìn.

Àbámẹ́ta, 18 Ṣẹ́rẹ́

Mo ṣe iṣẹ́ tí ó wù mí lónìí. Mo fi fọ́ìlì ńlá tí a fi ń wé oúnjẹ bo fèrèsé yàrá Màmá àti ògiri tí ó yí i ká. Mo jẹ́ kí etí ọ̀kan gun orí èkejì, mo fi téèpù lẹ gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti pàdé, mo sì so wáyà mọ́ ọn lọ sí ọ̀pá irin tí mo gbá wọnú ilẹ̀ níta, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa. Bí ìtànṣán bá wà, ilẹ̀ ni yóò lọ. Àǹfààní rẹ̀ kejì ni pé ariwo jẹnẹrétọ̀ méjì tí ó ń gbé máàsìtì náà ṣiṣẹ́ dínkù.

Màmá jókòó sórí àga, ó ń wò mí.

"Níyì, ṣé mo ti di ẹja tí wọ́n fẹ́ yan ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n sọ ibi tí òun yóò máa wò báyìí bí òun bá jí. Mo ní kí ó máa wo fọ́tò àwọn ọmọ Gbémi.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ṣẹ́rẹ́

Owó búrẹ́dì tún ti gòkè. Omi ẹ̀rọ kò yọ. Mo ra ti mẹ́ruwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri. Màmá sùn dáadáa.

Àìkú, 26 Ṣẹ́rẹ́

Bukky, ẹni tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tẹ̀ lé wa délé. Ọmọ kúlóòsì kejì ni, ojú ọ̀nà tí ó tẹ̀ lé tiwa. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó gbé ọwọ́ lé ògiri yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbàdúrà kíkankíkan pé kí máàsìtì náà wó lulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Màmá kò ṣe àmín.

"Bukky, ibo lo fẹ́ kí ó wó sí? Ilé mi ló wà lábẹ́ rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí Bukky fi ní láti tún àdúrà náà tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn fa ikọ́, ikọ́ náà sì pẹ́ kí ó tó lọ.

Ẹ̀fọn pọ̀ gan-an láti ẹ̀bá kanáàlì. Màmá ń dáná sí kọ́ìlì ẹ̀fọn lábẹ́ ibùsùn ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Òórùn kọ́ìlì ni òórùn ìgbà èwe mi: iná àdúgbò tí ó ń tàn láìkú, omi ẹ̀rọ tí ó ń yọ tọ̀sán-tòru, Bàbá tí ó ń gbọ́ ìròyìn ní yàrá iwájú. Láti ìgbà tí mo ti fi fọ́ìlì bo fèrèsé, òórùn náà kì í tètè lọ mọ́. Bí mo bá wọlé láàárọ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ń tù mí lára.

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé

Bí mo ti ń po ẹ̀kọ láàárọ̀ ni mo gbọ́ tí Màmá ń fi ọwọ́ lu ògiri. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú títí di ọ̀sán.

Dókítà Yíwọlá kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó bi mí ohun tí a fi ń dáná, àti bóyá a ń lo kọ́ìlì. Ó tún bi mí bóyá fèrèsé yàrá ń ṣí. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú gbogbo iye tí mítà sọ nípa máàsìtì. Ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó sì tún bi mí nípa fèrèsé. Mo ní mo ti ṣètò rẹ̀. Ó fún wa ní oògùn tí ènìyàn ń fà sẹ́nu, ó ní a ní láti ṣọ́ra gidigidi, nítorí èyí tí yóò tẹ̀ lé e lè le jù báyìí lọ.

Gbémi kò pariwo nígbà tí mo pè é. Ó kàn ní òun ti fọ yàrá kan sílẹ̀. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ.

Ẹtì, 7 Èrèlé

Jẹnẹrétọ̀ méjèèjì dákẹ́ ní ọ̀sán. Mo rò pé etí mi ló di. Ezra, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀, sọ fún mi láti òdì-kejì fẹ́ǹsì pé ẹni tí ń gbé dísù wá fún jẹnẹrétọ̀ àti ilé iṣẹ́ náà ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀, pé iná pupa orí máàsìtì pàápàá ti kú.

Ní ìrọ̀lẹ́ a gbọ́ àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Màmá dáwọ́ oúnjẹ dúró.

"Mo ti rò pé wọ́n ti kó lọ."

A jókòó tí a ń gbọ́ wọn. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó wá sí kúlóòsì yìí, láti ilé àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn, àti iléeṣẹ́ ìjọba tí oníkálukú ti ń ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti kú. Àwọn kan ti ta ilé. Ó ń dárúkọ wọn bí ẹni tí ń pe orúkọ nínú kíláàsì, ó sì ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn orúkọ kọ̀ọ̀kan.

Mo rò nínú ara mi pé nísinsìnyí tí máàsìtì ti kú, a ó mọ òtítọ́.

Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé

Máàsìtì ṣì dákẹ́. Màmá kò sàn. Ó tilẹ̀ burú sí i láàárọ̀. N kò mọ ohun tí èmi yóò kọ.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Bukky wá, òun àti Màmá jókòó sí iwájú ilé. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn lọ tún téèpù kan tí ó ti ń ṣí lẹ̀ pa dà, àárẹ̀ sì mú mi, mo fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀. Orí fífọ́ ló jí mi. Àyà mi wúwo bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé.

Ìtànṣán kò sí, jẹnẹrétọ̀ kò sí. Mo sùn níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì rí báyìí. Màmá ń sùn níbẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀.

Mo fi áńkáṣíìfù funfun nu ojú fọ́ìlì náà láti inú yàrá. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ìgbà tí a fi nu ìdí ìkòkò. Èéfín kọ́ìlì ni, àti èéfín sítóòfù kẹrosíìnì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti eruku ọyẹ́ tí ó wọlé láti ẹnu ọ̀nà tí kò rí ibi gbà jáde. Mo ti dí ọ̀nà mọ́ ohun tí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, mo sì ti ti ohun tí imú mi ń gbóòórùn rẹ̀ lójoojúmọ́ mọ́ inú ilé pẹ̀lú Màmá. Iṣẹ́ náà mọ́ gan-an ni. Kò sí ojú ihò kan níbẹ̀.

Mo fa gbogbo rẹ̀ ya. Màmá gbọ́ ariwo, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ pé yàrá náà ń há òun.

"O fara balẹ̀ ṣe é, Níyì. N kò fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ọjọ́rú, 19 Èrèlé

Kò sí kọ́ìlì mọ́. Mo ta àwọ̀n ẹ̀fọn sórí ibùsùn. Mo gbé sítóòfù lọ sí ìta. Lúfà fèrèsé rẹ̀ ṣí láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Màmá kọ orin òwúrọ̀ parí, ó sì fi ẹsẹ̀ kan lé e tí kò sí nínú ìwé orin. Mo sọ fún Gbémi. Ó ní ó dára. Ó ní yàrá ọ̀dọ̀ òun ṣì wà ní fífọ̀.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Dísù dé. Jẹnẹrétọ̀ méjèèjì jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tu èéfín dúdú tí wọ́n ti tọ́jú, afẹ́fẹ́ sì gbé e gba orí fẹ́ǹsì tààrà wọnú fèrèsé tí mo ṣí. Kí n tó ti lúfà, Màmá ti di irin ibùsùn mú. Oògùn náà ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Bí mo bá ṣí i, èéfín tiwọn yóò wọlé. Bí mo bá tì í, ooru àti eruku yóò há a mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Ọ̀dọ̀ dókítà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ọ̀kan fún mi: ṣé máàsìtì ni, àbí dísù, àbí ọyẹ́, àbí kọ́ìlì wa. Ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá gbé garawa omi lé Màmá lórí, wọn á gbé e. Bí ẹnìkan bá wá gbé igi ìdáná lé e, tí ẹlòmíràn fi àpò gààrí lé e, tí Màmá bá wá ṣubú, ta la máa mú? Oníkálukú á ní tòun kò wúwo. Òótọ́ sì ni. Ọrùn kì í ya ẹrù sọ́tọ̀."

Mo bi í nípa ìtànṣán gan-an. Ó ní òun kò rí ohun tí òun lè fi dá a lẹ́bi fún ikọ́ yìí, àti pé ohun tí ó ń ṣe bí ó bá pàdé èéfín, eruku àti ọjọ́ orí nínú ara kan náà, òun kò mọ̀ ọ́n dájú, òun kò sì ní díbọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Ó ní kí a sọ ẹrù tí a bá lè sọ̀ kalẹ̀.

Lójú ọ̀nà mo ń rò ó. Ìwé ìlànà kan wà fún ìtànṣán, òmíràn wà fún èéfín, òmíràn fún ariwo. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ nípa Màmá.

Àìkú, 2 Ẹrẹ́nà

Lẹ́yìn ìsìn mo yà lọ sọ́dọ̀ Tòkunbọ̀. N kò wọ àgbàlá yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti gé igi náà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń pọn ọ̀bẹ.

"Níyì, ṣé ìwọ náà wá bú mi ni? Wọlé, àwọn tó wà níwájú ẹ ti lọ."

Mo ní páìpù èéfín ni mo bá wá: pé bí wọ́n bá lè gbé e ga kọjá òrùlé, kí wọ́n sì yí ẹnu rẹ̀ sí ọ̀nà kanáàlì, yóò ran Màmá lọ́wọ́. Ó ní òun fọwọ́ sí ìwé fún ilẹ̀ nìkan ni, òun kò fọwọ́ sí páìpù. Ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀.

"Igi yẹn, mi ò lè wò ó nígbà tí wọ́n ń gé e. Inú ilé ni mo wà títí wọ́n fi parí. Ṣé Mummy ṣì ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn?"

"Wọ́n ṣì ń sùn níbẹ̀."

"Yàrá Dádì ńkọ́? Ojú pópó nìyẹn kọjú sí."

Mo ní ó wà ní títì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín ìdùnnú.

"Èmi gé igi, ẹ̀yin ti yàrá pa. Ta ló wá ń lo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa?"

Mo dìde, mo ní ó dàárọ̀, oòrùn sì wà lókè.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ooru. Tòkunbọ̀ kọjá, kò kí mi. Èmi náà kò kí i.

Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Gbémi dé kí a tó jẹun òwúrọ̀. Kò dúró de òpin oṣù. Ó ní oorun òun ti bàjẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Màmá, ó dì mọ́ ọn, ó sì fi etí sí àyà rẹ̀ bí ẹni pé ìdìmọ́ra lásán ni. Mo rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú báàgì. Kò bá mi jà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ti gbìyànjú." Mo lọ bá a mú ìsàlẹ̀ báàgì kí ó lè fa síìpù rẹ̀.

Màmá ń wò wá títí báàgì fi kún. Ó wá ní kí n lọ mú kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Gbémi wò mí. Ọdún kẹrin nìyí tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ti wà lórí ìṣó. Màmá fúnra rẹ̀ ló ti yàrá iwájú ní ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàbá jáde níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó béèrè.

Òun ló ṣí i. Fìlà Bàbá wà lórí rédíò. Eruku bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n eruku lásán ni; kò sí èéfín nínú rẹ̀. Màmá fa ọwọ́ lúfà. Ó kọ́kọ́ takú, ó wá ṣí, afẹ́fẹ́ àárọ̀ sì wọlé láti ojú pópó pẹ̀lú ohùn àwọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó tún mí.

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ṣọ́ yàrá tí kò ṣàìsàn," ni ó wí. "Gbémi, tú báàgì yẹn síbí."

Gbémi wo fèrèsé náà, ó wo báàgì. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó béèrè ìgbálẹ̀. Kí ó tó lọ ní ìrọ̀lẹ́ ó ní kí a ṣì máa wò ó. Mo rántí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ yẹn.

Fìlà Bàbá ṣì wà lórí rédíò. Màmá ní kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18 Ẹrẹ́nà

Àwọn òṣìṣẹ́ wá fi páìpù gígùn kún ti jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé e kọjá òrùlé, wọ́n sì yí ẹnu rẹ̀ sí kanáàlì. Ezra ní Tòkunbọ̀ ló jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi dá a lóhùn. Mo lọ kí i. Ó ní ìdúpẹ́ kí ni, pé ariwo ṣì wà níbẹ̀, kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ariwo. A jókòó díẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó ka ojú ìwé kan tán, ó nà án sí mi. Kò wo ẹ̀gbẹ́.

Ẹtì, 28 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lónìí. Ó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lára ewé, ó sì fọ òrùlé. Màmá jókòó ní fèrèsé yàrá iwájú, ó ń sọ orúkọ àwọn tí òjò ká mọ́ ojú pópó fún mi, bí wọ́n ti ń sáré kọjá. Kò kọ́ láti òwúrọ̀ àfi ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí ó ń fi ẹnìkan tí ó yọ̀ ṣubú rẹ́rìn-ín. Gbémi gbọ́ ẹ̀rín náà lórí fóònù. Kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Mo ti dá mítà pa dà. Máàsìtì ṣì dúró, iná pupa rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́. N kò mọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe. N kò ní kọ ohun tí n kò mọ̀ síbí.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ ti lúfà yàrá ẹ̀yìn. Téèpù ṣì lẹ̀ mọ́ ara ògiri ní àmì fèrèsé náà. Mo dúró síbi tí orí ibùsùn Màmá wà tẹ́lẹ̀, mo wo ibi tí igi fúrúùtù wà, bí ó ti ń wò ó. Lẹ́yìn náà mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, níbi tí ti yàrá Bàbá ti fi àyè sílẹ̀.